Ẹ̀fọ́ mi dúdú mìnìjò, ó sì tẹ́ mi

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ọṣẹ, àtíkè àti ìpara lójú ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin kógbá sílé ní 2021. Owó ilé ló lé mi kúrò níbẹ̀, kì í ṣe àìsí oníbàárà. Ọkọ mi ní kí n sinmi ná, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ka owó lálaalẹ́, ìsinmi a máa di àìsàn fún un. Àǹtí kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù ló mú mi lọ sétí odò Asà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Bàbá onílẹ̀ gba owó ọdún kan, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tó gba bẹ́ẹ̀dì méjìlá fún mi. Bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà méjì, ó gùn tó mítà mẹ́wàá. Ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn sọ́kàn, torí ìṣirò tí n kò ṣe lórí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà.

Mo mọ ẹ̀fọ́ sè, n kò mọ̀ ọ́n gbìn. Ní Òrò tí wọ́n ti bí mi, ta ló ń gbin tẹ̀tẹ̀? Ẹ̀yìn ilé, níbi tí ìyá wa ń da eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí, ló máa ń hù sí fúnra rẹ̀. A ó já a lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ti tún rúwé. Mo rò pé bí ayé ẹ̀fọ́ ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn.

Létí odò, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ọkùnrin tó ń dá oko lápá ọ̀tún mi ti pẹ́ gan-an nídìí ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo bi í bóyá ìgbẹ́ ewúrẹ́ wà nítòsí, ó wò mí bí ẹni wo àlejò. Ó ní, "Alhaja, ẹ̀fọ́ tí kò bá dúdú, àwọn ará ọjà Ìpàta ò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ajílẹ̀ yùríà ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá wá ku ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tà á, ẹ tún fọ́n díẹ̀ sí i, ẹ ó rí i bó ṣe máa dán." (N kò tíì dé Mẹ́kà o. Àmọ́ ní Ìlọrin, obìnrin tó bá ti bo orí dáadáa, tó sì ń rajà láìgba àwìn, Alhaja ni.)

Mo ra àpò yùríà kan àti àpò kan NPK, ajílẹ̀ alápòpọ̀. Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo bu yùríà kóńgò kan fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ń fẹ́, apá ti ń ro mí láti àárọ̀, ni mo bá bomi rin márùn-ún nínú àwọn bẹ́ẹ̀dì náà ní ìdajì-ìdajì. Lọ́jọ́ kejì, etí àwọn ewé ibẹ̀ ti jó, bí ìgbà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn wọ́n. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, bẹ́ẹ̀dì márààrún ti di koríko gbígbẹ. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì omi, mo sunkún díẹ̀, mo wá dìde lọ ra irúgbìn mìíràn.

Ìṣirò tí mo ní n kò ṣe nìyí. Àpò yùríà tó wọn kìlò 50 ní kìlò 23 nítírójìn, èròjà tó ń mú ewé dàgbà, nínú, torí 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni nítírójìn. Àpò NPK 15-15-15 tó wọn bákan náà, kìlò méje àbọ̀ péré ló wà nínú tiẹ̀. Ẹni tó bá ń bu méjèèjì bákan náà kò mọ ohun tó ń bù. Nígbà tí mo wá gbé kóńgò mi sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja kan, yùríà inú rẹ̀ lé ní kìlò kan. Fún bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ ogún mítà níbùú-lóròó, ìyẹn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ohun tí tẹ̀tẹ̀ máa lò. Agolo mílìkì kékeré méjì ni mo ń lò báyìí, n kì í sì í fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé omi mi ni kò tó. Ìgbà kejì, mo bomi rin gbogbo rẹ̀ yó, mo tún fọ́n kóńgò kan kan. Ẹ̀fọ́ náà jáde. Ó dúdú mìnìjò, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ń dán nínú oòrùn. Alárọ̀ọ́bọ̀ tó ń gbé e lọ Ìpàta kì í bá mi yọ owó. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń rò pé mo ti mọ iṣẹ́.

Ìyá Olóúnjẹ kan tó ń rà tààrà lọ́wọ́ mi ló kọ́kọ́ já mi. Ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú wàrà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò kí mi, ó kàn gbé abọ́ kan kalẹ̀ níwájú mi. "Ìdì ogún ni mo bọ̀ o, ohun tó kù nìyí. Omi ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo fi sílẹ̀ lánàá láì tíì bọ̀, ó ti ń yọ̀ bí ilá kílẹ̀ tó mọ́." Inú bí mi. Mo sọ fún un pé iná rẹ̀ ló pọ̀ jù. Obìnrin náà gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ, ó sì tó oṣù mẹ́rin kó tó tún bá mi ra nǹkan. Òun ló sì jàre. Ẹ̀fọ́ tí nítírójìn bá pọ̀ jù fún, omi ló máa ń kún inú rẹ̀, ara rẹ̀ á rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kì í pẹ́ rà.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló wá dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, n bá sì fò ó tó bá jẹ́ pé ó ṣeé fò.

Ó wà nínú oyún oṣù márùn-ún ní 2022. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níbi àyẹ̀wò aláboyún, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 27. Nọ́ọ̀sì ní kò tó, ó fún un ní oògùn irin, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Oògùn náà ń mú kó fẹ́ bì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí èédú, ni ẹ̀rù bá bà á, ó pè mí. (Ìgbẹ́ dúdú yẹn kì í ṣe àìsàn. Bí oògùn irin ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwa méjèèjì ni kò mọ̀.) Èmi ẹ̀gbọ́n, olóko ẹ̀fọ́, mo ní, "Fi oògùn yẹn sílẹ̀ jàre. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú oko mi."

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń gbé ìdì mẹ́wàá lọ fún un ní Gánmọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì tó dúdú jù ni mo ti ń fà á, ìdájí, kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Mo tún ń ràn án lọ́wọ́ láti sè é. A ó rẹ́ ẹ tán ká tó fọ̀ ọ́. A ó bọ̀ ọ́ pẹ́, a ó sọ kán-ún díẹ̀ sí i kí àwọ̀ ewé má bàa ṣá, a ó fún un gbẹ, a ó da omi rẹ̀ nù. Lẹ́yìn oúnjẹ, á fi tíì gbígbóná lé e, torí ó ní òun ló ń bá òun lé èébì. Bí mo bá fẹ́ kọ́ ẹnì kan bí wọ́n ṣe ń gba oore kúrò lára ẹ̀fọ́, ohun tí mo máa ní kó ṣe náà nìyẹn láti òkè délẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, PCV rẹ̀ jẹ́ 25. Nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló ní kó fi oògùn sílẹ̀. Àbúrò mi ò dáhùn. Ó kàn wò mí, ó tún wo ilẹ̀. Ojú tì mí débi pé fúnra mi ni mo la ẹnu mi, mo ní èmi ni.

Obìnrin náà ò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀fọ́ dáa, kó máa jẹ ẹ́. Àmọ́ irin inú ewé kì í tètè wọ ara bíi ti inú ẹran. Fítámì C ló ń fà á wọlé, tíì ló ń tì í síta. Ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀ báyìí, ẹ̀fọ́ nìkan kò lè gbé e." Ó dá oògùn padà fún un, ó ní kó máa fi ọsàn gbé e mì, kó sì jẹ́ kí tíì jìnnà sí oúnjẹ. Kó tó bímọ, PCV rẹ̀ ti gòkè dé 32. N kò sọ pé ẹ̀fọ́ mi ló fà á wálẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo fi ẹ̀fọ́ dípò oògùn, ẹ̀fọ́ tí mo sì fi dípò ọ̀hún, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Àbúrò mi ò tíì fi bú mi rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó wà nínú ewé.

Ọmọ yunifásítì kan wà tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ó yá bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta lọ́wọ́ bàbá onílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì" ni tiẹ̀ láràárọ̀. Mo máa ń fún un ní mọ́sà, òun náà á sọ ohun tó ń kà fún mi. Ọjọ́ tí mo ròyìn àbúrò mi fún un, ó dákẹ́, ó wá ní, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ fọ́n yùríà sí èyí tí ẹ ń gbé lọ fún wọn?" Mo ní ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin kí n tó fà á. Ó mi orí.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó mú ike kékeré kan dání. Inú rẹ̀ ni àwọn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà bíi ti àyẹ̀wò oyún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni, ìrì ṣì wà lórí ewé. Ó gé igi tẹ̀tẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, èyí tí mo fọ́n yùríà sí lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú, ó gún un nínú ọmọ odó tí mo fi ń gún ata, ó fún oje rẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó fi píọ̀ wọ́tà là á. Àmọ́ kó tó là á, ó kọ́kọ́ ti ìwé kan bọ omi náà lásán, ká lè mọ̀ pé omi kọ́ ló máa parọ́ fún wa. Ìwé yẹn funfun. Ó wá ti òmíràn bọ oje tẹ̀tẹ̀, ó yọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Kò tíì ka ogún tí ìwé náà ti ń pọ́n. Nígbà tó dé ọgọ́ta, ó ti rí bí zóbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè tí wọn ò tíì bu omi sí.

"Náítíréètì nìyẹn," ó ní. "Ẹ dúró di Aláàsárì."

Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ó tún gé igi mìíràn, ó tún gún un. Lọ́tẹ̀ yìí, zóbò tí wọ́n ti bu omi là ni. A wá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì keje. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí mo ti fọ́n yùríà sí i kẹ́yìn, torí owó mi ò tó ra òmíràn. Ewé ibẹ̀ ò dúdú tó ti bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìwé tiẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun.

Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Nítírójìn tí a bá fọ́n sílẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni gbòǹgbò máa ń mu ní náítíréètì. Nínú ewé ló ti máa sọ ọ́ di èròjà tó ń mú ara dàgbà, agbára oòrùn ló sì fi ń ṣe é. Lóru, mímu ò dáwọ́ dúró, síse ló dáwọ́ dúró. Nítorí náà, á máa kó o jọ, pàápàá sínú igi àti ọrùn ewé. Ẹni tó bá fà á ní ìdájí, àká tó kún ló fà. Ẹni tó bá dúró di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti bá a lò lára rẹ̀. Bí òjò bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, bíi ti ìdájí náà ló ṣe máa rí. Bí a bá wá fọ́n ju ohun tí ewé lè sè lọ, kò sí oòrùn tó máa sè é tán.

Ti fítámì C ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ní ní 1993, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ahmad Mozafar kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì rí i pé bí nítírójìn bá ti pọ̀, fítámì C máa ń dín kù nínú ọ̀pọ̀ èso àti ewébẹ̀, ṣùgbọ́n kárótìnì, èyí tí ara wa ń sọ di fítámì A, máa ń lọ sókè. Ara ṣúgà ni ewé ti ń ṣe fítámì C. Ewé tó bá ń sáré dàgbà, ìdàgbà ló ń ná ṣúgà rẹ̀ lé lórí. Torí náà, àwọ̀ dúdú yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, apá kan òótọ́ ló ń sọ. Kárótìnì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tí àbúrò mi nílò láti fa irin wọlé gan-an ni mo ń fi yùríà lé lọ, tí mo tún ń fi kán-ún àti iná parí ìyókù.

Mo bi í bóyá májèlé ni mo ti ń tà fún àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbìmọ̀ FAO àti WHO, àwọn àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti ìlera, fi ààlà náítíréètì tí èèyàn lè jẹ sí mílígírámù 3.7 lójúmọ́ fún kìlò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọn. Ẹni tó bá wọn kìlò 60, mílígírámù 222 nìyẹn. Ní Yúróòpù, òfin wọn kò fẹ́ kí kìlò kan ẹ̀fọ́ spinach tútù ní ju mílígírámù 3,500 lọ. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ìwọ̀nba ẹ̀fọ́ gírámù ọgọ́rùn-ún tó bá dé ààlà òfin wọn ti kó 350, ó ti kọjá ti òòjọ́. Èèyàn kì í kú torí pé ó kọjá ààlà lọ́jọ́ kan. Àwa wá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ìdì ńláńlá, ojú nìkan sì ni òṣùwọ̀n ní Ìpàta.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí léwu fún ní tòótọ́ ni àwọn ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Náítíréètì lè yí padà di náítíráìtì, pàápàá nínú ẹ̀fọ́ tó ti ń rà tàbí ọbẹ̀ tó wà nínú ooru láti àárọ̀ dalẹ́. Náítíráìtì yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbé afẹ́fẹ́, ètè ọmọ á máa dúdú. Ìyá ọkọ àbúrò mi ti gbé omi tẹ̀tẹ̀ sórí iná fún ọmọ tuntun nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo bẹ ìyá náà pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ọmú nìkan. Wọ́n bínú sí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má rò pé láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ṣe é re. Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá ti orí ẹṣin ṣubú sí òdìkejì. N kò fọ́n nǹkan kan sí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Ilẹ̀ etí odò wa oníyanrìn ni, wọ́n sì ti gbin ẹ̀fọ́ sí i títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Tẹ̀tẹ̀ náà jáde, ó pọ́n rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀, kò tíì dé orúnkún mi tó ti yọ òdòdó. Ewé tí ebi ń pa máa ń kánjú bímọ kó tó kú. Ewé pípọ́n bẹ́ẹ̀, kárótìnì rẹ̀ kéré, amáradàgbà rẹ̀ kéré, kò sì sí ẹni tó rà á. Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Tèmi tẹ́. Ewúrẹ́ bàbá onílẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Mo tún sáré lọ ra ìgbẹ́ adìẹ, àpò mẹ́jọ, tútù láti abẹ́ adìẹ, mo sì kó o sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí mo fọ́n irúgbìn. Òórùn rẹ̀ ń ta ojú. Ohun tó hù nínú bẹ́ẹ̀dì kan ò pé ogún igi, torí ìgbẹ́ tútù máa ń gbóná, ó sì ń jó ọmọ gbòǹgbò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ ń bẹ tó lè lẹ̀ mọ́ ewé tí èèyàn máa jẹ. Báyìí, mo máa ń kó o jọ sábẹ́ ọ̀rá, mo ń bu omi díẹ̀ sí i, mo ń yí i po, oṣù méjì, títí tí òórùn rẹ̀ yóò fi di ti ilẹ̀ lásán. Páànù kan tó kún ni bẹ́ẹ̀dì kan ń jẹ, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú irúgbìn, mo sì máa ń fi ọkọ́ pò ó mọ́lẹ̀. Bí tẹ̀tẹ̀ bá pé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, mo fọ́n yùríà agolo kan. Ọjọ́ kẹrìnlá, agolo kejì, mo bomi rin ín yó. Lẹ́yìn ìyẹn, mo so ẹnu àpò. Kò sí alárọ̀ọ́bọ̀ tó lè bẹ̀ mí kí n tún un tú.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo ń fa tẹ̀tẹ̀ mi. Ìdí wà. Ní ọdún kejì, mo dá bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin dúró de oṣù Kejì torí ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n nígbà yẹn. Nígbà tí mo máa fà á, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje, igi rẹ̀ ki bí àtàǹpàkò, irúgbìn ti ń gbọ̀n dànù lórí rẹ̀. Ìdì rẹ̀ wúwo, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ìyá Olóúnjẹ tó ti padà wá sọ́dọ̀ mi ṣẹ́ igi kan, ó fi lu àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ṣé kí n fi èyí dáná ni?" Bí tẹ̀tẹ̀ bá ti yọ òdòdó, ọmọ rẹ̀ ló kù tó ń bọ́. Ohun tó yẹ kó wà nínú ewé ti ń lọ sínú irúgbìn, okùn ló kù. Ti ṣọkọ yàtọ̀ díẹ̀, ó máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà, mo sì ń gé e ni, n kì í fà á tu, torí ó máa tún rú. Ewédú, ẹ má jẹ́ kó rí òdòdó lójú.

Ti àsìkò ojúmọ́ ni ìjà. Ìdájí ni gbogbo ayé ń fa ẹ̀fọ́, torí ó tutù, ó ta, ó sì ń bá ọjà àárọ̀ mu. Nígbà tí mo yí i sí ẹ̀yìn Aláàsárì, Alhaja alárọ̀ọ́bọ̀ tó ń gbé e lọ Ìpàta yarí. "Ẹ̀fọ́ àná lo fẹ́ máa tà fún mi?" Mo kọ́kọ́ ṣe é láìmọ̀ọ́ṣe: mo dì í, mo kì í mọ́ inú àpò ìrẹsì, mo dè é lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, àárín rẹ̀ gbóná bí àkàrà, ewé ti ń yọ̀. Ohun tí mo ń sá fún nípa náítíráìtì gan-an ni mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ní báyìí, n kì í tò ó lórí ara wọn ju ìpele méjì lọ. Mo ń to ìdí rẹ̀ sínú agbada tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, mo ń fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, abẹ́ igi máńgòrò ló ń sùn. Òru a máa fi atẹ́gùn tù ú. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ta bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Alhaja gbé ìdì mẹ́wàá lọ wò, tòun ti ojú líle. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní èyí kì í tètè rọ lórí àtẹ bíi ti àwọn yòókù. Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè nígbà tó ń sọ ọ́, àmọ́ mo gbọ́. Bí n kò bá ti ní àǹfààní òru tó tutù, bó ṣe máa ń rí nínú oṣù Kẹta, mo máa ń padà sí ìdájí, mo sì gbà pé ó ní ohun tí mo pàdánù.

Nínú ilé, àṣà tí mo yí kò pọ̀. Mo ń fọ ẹ̀fọ́ kí n tó rẹ́ ẹ. Kán-ún ti kúrò ní ìdí ààrò mi, torí ó ń pa fítámì C. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ ọjà tí n kò mọ ẹni tó gbìn ín, mo ń ṣẹ́ igi rẹ̀ sọnù, mo ń bọ̀ ọ́, mo ń da omi rẹ̀ nù, torí omi náà ń kó náítíréètì àti ọ́ksálétì, èròjà inú ewé tí kì í jẹ́ kí ara rí kálísíọ̀mù lò dáadáa, lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fítámì C bá a lọ. Bó bá jẹ́ tèmi, inú ata tó ti dín ni mo ń dà á sí ní tútù, mo ń ro ó díẹ̀, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ń dún lẹ́nu. Ọkọ mi kọ́kọ́ ní ó dà bíi pé ewúrẹ́ lòun. Ó ti dákẹ́.

Ọkùnrin apá ọ̀tún mi ṣì ń fọ́n tiẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ ọjà. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ dúdú ju tèmi lọ, ó sì máa ń tètè tán jù. N kò bá a jà, ọmọ mẹ́fà ló ń bọ́. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé kí ni mo ń fi ẹfun sàmì sí lára igi tí mo rì síwájú bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọjọ́ tí mo fọ́n yùríà kẹ́yìn ni. Ó wò ó títí, ó tún bi mí pé níbo ni mo ti ra ẹfun.

Bẹ́ẹ̀dì kẹrin pé ọjọ́ kẹtàlélógún lónìí. Alhaja ti pè lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀, ó ní ẹ̀fọ́ ti wọ́n ní Ìpàta, kí n fà á bẹ́ẹ̀. Mo ní ó di ọjọ́ karùn-ún òní, lẹ́yìn Aláàsárì.